Ọjọ́ márùn-ún lórí odò Green River ní Utah: ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó sanwó ọkọ̀

Ìjẹ̀ṣà_Houston (8 March, aago 9 alẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, n kò kàn dá sí i rí ni.

Èmi àti ìyàwó mi, ọmọ wa ọkùnrin tó jẹ́ ọdún 11, àbúrò ìyàwó mi, ọ̀rẹ́ mi kan àti ìyàwó tirẹ̀, àwa mẹ́fà la fẹ́ gba orí odò Green River lọ ní ìpínlẹ̀ Utah. A fẹ́ wọ odò ní ìlú Green River, ká máa bá omi lọ títí dé ibi tó ti pàdé odò Colorado. Máìlì 120 ni wọ́n pè é. Ọ̀sẹ̀ Fourth of July ni ìsinmi wa bọ́ sí, ọjọ́ márùn-ún la sì ní. Wọ́n ní kò sí omi ríru kankan lójú ọ̀nà náà, pé jẹ́jẹ́ ni odò ń lọ láàárín ògiri òkúta pupa.

Mo ti rí ọkọ̀ rọ́bà kan tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí, owó pọ́ọ́kú ni, mo fẹ́ ra mẹ́ta. Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀? Ṣé a lè mu omi odò náà bí a bá sẹ́ ẹ? Ta ni yóò bá wa gbé mọ́tò wa lọ sí ibi tí a máa parí sí? Ẹni méjì nínú wa kì í ṣe òmùwẹ̀: ọ̀rẹ́ mi àti èmi alára. Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín, Iléṣà ni mo ti dàgbà, kì í ṣe Ẹ̀pẹ́.

Ìyá_Ìbejì_MD (8 March, aago 9 kọjá ogún ìṣẹ́jú)

Ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ kí n gbọ́ ọ dáadáa. Ẹ ò mọ odò wẹ̀. Ẹ fẹ́ gbé ọmọ ọdún 11 sínú rọ́bà tí wọ́n fi ẹnu fẹ́. Ẹ fẹ́ lọ sùn sínú aṣálẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Owó ara yín lẹ sì fẹ́ ná sí i. Bí ìyá mi tó wà ní Òṣogbo bá gbọ́ èyí, á ní kí wọ́n lọ bi yín bóyá ẹ jẹ gbèsè.

Mo kàn ń ṣeré o. Mo jókòó, mo ń kà á lọ.

Àǹtí_Denver (9 March, aago 6 òwúrọ̀)

Káàbọ̀, àbúrò. Mo ti gba orí odò yẹn lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kan nínú rẹ̀ burú débi pé ọkọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ láti Mineral Bottom títí a fi dé Denver. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí.

Orí ọkọ̀ lo ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè rẹ. Ibi tí ẹ máa gbà jáde ló yẹ kó o ti bẹ̀rẹ̀. Níbi tí odò méjèèjì ti pàdé, kò sí ọ̀nà mọ́tò rárá. Òkúta gíga ló wà lọ́tùn-ún, òkúta gíga ló wà lósì. Bí omi bá gbé yín kọjá ibẹ̀ ní nǹkan bíi máìlì 4, ẹ ti dé ẹnu Cataract Canyon nìyẹn. Omi ibẹ̀ ń ru, ó ń ké, ó sì ń gbé ọkọ̀ ńlá yí dànù, ká má tiì sọ ti rọ́bà olówó pọ́ọ́kú. Àwọn tó bá lọ dé ibi ìpàdé odò gbọ́dọ̀ ti bá ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì kan ní Moab ṣe àdéhùn ṣáájú, kó wá kó wọn, kó gbé wọn gun orí odò Colorado padà. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ọjọ́ tí ẹ bá dá lẹ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ìbáà jẹ́ ìjì ló dá yín dúró.

Wàyí o, ọ̀nà náà pín sí méjì. Láti ìlú Green River dé Mineral Bottom ni wọ́n ń pè ní Labyrinth Canyon, máìlì 68. Láti Mineral Bottom dé ibi ìpàdé odò ni Stillwater Canyon, máìlì 52. Ọwọ́ BLM ni ti àkọ́kọ́ wà, àwọn ni wọ́n ń bójú tó ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni, ẹ kò sì ní ta tẹ́tẹ́ kí ẹ tó rí i gbà. Stillwater wà nínú Canyonlands National Park, wọ́n ń gba owó fún ìwé àṣẹ tiwọn, òfin wọn sì le díẹ̀ sí i.

Máìlì 120 ní ọjọ́ márùn-ún, máìlì 24 lójúmọ́ nìyẹn. Bí omi bá ti fà, bóyá ló fi máa gbé yín ju máìlì méjì lọ ní wákàtí kan bí ẹ bá káwọ́ gbera. Wákàtí 12 lójoojúmọ́ láìsọ̀kalẹ̀ nìyẹn o. Ṣé ìsinmi lẹ ń lọ ni àbí iṣẹ́ òpò?

Bí mo bá wà nípò rẹ, Ruby Ranch ni màá ti wọ odò. Ilẹ̀ aládàáni ni, wọ́n á gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ yín. Màá jáde ní Mineral Bottom, níbi tí mọ́tò ti lè dé. Máìlì 45 péré ni, ọjọ́ mẹ́rin á tó o. Ibi tó wà láàárín ìlú Green River àti Ruby Ranch, oko àti ilẹ̀ pẹrẹsẹ ló pọ̀ níbẹ̀, ẹ kò pàdánù nǹkan kan. Ìsàlẹ̀ Ruby Ranch ni ògiri òkúta ti bẹ̀rẹ̀ sí í ga.

Ti July yẹn, màá padà wá síbẹ̀. Iṣẹ́ ń dúró dè mí.

Ìjẹ̀ṣà_Houston (9 March, aago 12 ọ̀sán)

Ẹ ṣeun gan-an, Àǹtí. Ọ̀rọ̀ ibi àbájáde yẹn là mí lójú. Mo rò pé gbogbo ibi tí odò bá dé ni mọ́tò ń dé ni.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo ti July yẹn dáadáa. Houston la wà, ooru kì í ṣe àjèjì sí wa. Níbi iṣẹ́ ìyàwó mi, àtigba ìsinmi ní September bí ẹni ń fa eyín ni.

Nọ́ọ̀sì_Phoenix (9 March, aago 7 alẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Yàrá pàjáwìrì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lọ́dọọdún ni wọ́n sì ń gbé àwọn tó ní "ooru kì í ṣe àjèjì sí wa" wá bá wa.

Ooru Houston ní òógùn nínú. Ẹ máa ń rí i pé aṣọ yín ti rin, ẹ ó sì wá omi mu. Nínú aṣálẹ̀, òógùn ti gbẹ kó tó hàn lára. Ẹ ó rò pé ara yín dá ṣáṣá, nígbà tó jẹ́ pé omi ti tán lára yín. Ní July, ó máa ń kọjá 100°F níbẹ̀ lọ́pọ̀ ọjọ́, ìyẹn 38°C. Àwọn òkúta yẹn á gba ooru mọ́ra látàárọ̀, wọ́n á sì máa tú u lé yín lórí lálẹ́. Ìbòòji kò pọ̀ lórí omi. Ọmọdé máa ń tètè gbóná ju àgbà lọ.

Nǹkan kejì tí àwọn ènìyàn kì í gbọ́: omi lásán nìkan lè pa ènìyàn lára. Bí ẹ bá ń mu omi ṣáá láìjẹ nǹkan oníyọ̀, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á dínkù, orí á máa fọ́ yín, èébì á máa gbé yín, ẹ ó sì rò pé ẹ nílò omi sí i. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n kọ́ àwọn ìyá wa lórí rédíò kò tíì di àtijọ́: omi lítà kan, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, ojú ṣíbí kó tẹ́jú. Ẹ po iyọ̀ àti ṣúgà náà sínú ọ̀rá kéékèèké láti ilé.

Àǹtí_Denver (10 March, aago 5 ààbọ̀ òwúrọ̀)

Nọ́ọ̀sì ti bá mi sọ ìdajì rẹ̀. Ìdajì tó kù nìyí.

Yìnyín orí òkè Wyoming, Colorado àti Utah ló ń di omi odò yìí. Ní ìparí May sí June ló máa ń kún jù. Bó bá kún, iyanrìn tí ẹ ó pa àgọ́ sí á ti wà lábẹ́ omi, igi tamarisk tó ṣù mọ́ra bí ọgbà ẹ̀gún ló sì ń bẹ ní bèbè, ẹ ó máa wá ibi tí ẹ ó gúnlẹ̀ sí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí omi náà bá wá ń fà lọ sí July, ẹ̀fọn á jáde. Ẹ̀fọn tí mò ń wí yìí kì í ṣe ti Ajégúnlẹ̀ o. Ìgbà yẹn ni ọkọ mi bínú.

Láti July títí wọ September, òjò ọ̀sán máa ń dé lójijì. Ó lè rọ̀ lórí òkè níbi tí ojú yín kò tó, kí oòrùn máa ran lórí yín, kí àgbàrá sì já wálẹ̀ láti inú àfonífojì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ má pa àgọ́ sí ẹnu irú àfonífojì bẹ́ẹ̀ láé, bó ti wù kí iyanrìn ibẹ̀ dára tó.

Ìdajì kejì September ni tèmi. Òjò ti ń káwọ́, ẹ̀fọn ti lọ, ọ̀sán gbóná níwọ̀nba, òru tutù débi tí ẹ ó wá kúbùsù. Omi á ti fà, iyanrìn á wà káàkiri bí ẹní tí wọ́n tẹ́ de àlejò. Nínú oṣù yẹn gan-an ni ìlú Green River ń ṣe ọdún bàrà wọn. Bàrà ibẹ̀ lórúkọ ní gbogbo Utah. Ẹ ra méjì sínú ọkọ̀, ẹ ó rántí mi.

Kí ẹ máa wo ìwọ̀n omi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lójú òpó USGS, àjọ ìjọba tó ń wọn omi odò, ní òpó tí wọ́n rì sí ìlú Green River. Nọ́ńbà tí ẹ ó rí níwájú cfs ni kí ẹ wò, ìyẹn ìwọ̀n omi tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì sí mẹ́rin ní September, ó dára. Bí ẹ bá rí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ní June, ẹ jókòó sílé.

AtukọẸ̀pẹ́ (10 March, aago 8 alẹ́)

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ dé o! Mo gbọ́ pé wọ́n pè wá.

Àbúrò, dá àwọn rọ́bà yẹn padà fún ẹni tó tà á. Kì í ṣe nítorí pé wọ́n á bẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè bẹ́. Ìjì ni. Lẹ́yìn aago 12 ọ̀sán, atẹ́gùn máa ń fẹ́ wá láti ìsàlẹ̀ odò, á kọjú sí yín gan-an. Rọ́bà fẹ́lẹ́, ó fò lókè omi, kò ní ìdí. Ẹ ó máa tù ú títí apá á fi kú, ẹ ó gbójú sókè, ẹ ó rí i pé igi tí ẹ kọjá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn ló tún wà níwájú yín. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ yunifásítì kan. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ ni kí ẹ háyà, ẹlẹ́ni méjì méjì, mẹ́ta. Àwọn tó ń háyà rẹ̀ wà ní ìlú Green River, wọ́n wà ní Moab. Àwọn náà ló máa gbé yín lọ sí Ruby Ranch, tí wọ́n á sì wá kó yín ní Mineral Bottom, ọ̀rọ̀ mọ́tò yín ti tán nìyẹn. Ẹ má fi ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ méjì sínú ọkọ̀ kan. Ẹrù tó wúwo, àárín ọkọ̀, kó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ohun gbogbo ni kí ẹ so mọ́ ọkọ̀: ìkòkò, àpò, bàtà, tọ́ọ̀ṣì. Ohun tí ẹ kò bá so, ẹ ti fi tọrẹ fún odò.

Láìfù jákẹ́ẹ̀tì: òfin Utah ní ọmọ ọdún 12 sísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ nínú ọkọ̀. Òfin tèmi ni pé gbogbo yín gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, kí ẹ de bẹ́líìtì rẹ̀ pinpin, ní gbogbo ìgbà tí ìdí yín bá wà lórí omi. Odò tó ń lọ jẹ́jẹ́ kọ́ ni odò tó mọ ènìyàn. Bí ọkọ̀ bá dà, ẹ dì í mú, ṣùgbọ́n ẹ dúró sí apá ibi tí omi ti ń bọ̀. Bí ẹ bá wà níwájú ọkọ̀, tí omi sì kún inú rẹ̀, á fún yín mọ́ òkúta tàbí igi tó wó sínú odò.

Ẹ gbéra láàárọ̀ kùtù, aago 7 kí àjẹ̀ ti wọ omi. Aago 1 ọ̀sán, ẹ ti gúnlẹ̀. Lálẹ́, ẹ wọ́ ọkọ̀ gòkè pátápátá, kí ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ sì so ó mọ́ nǹkan tó dúró. Omi lè ga sí i lóru kí ẹ tó jí. Ìgbà tí ọkọ̀ bá lọ, kò sẹ́ni tí ẹ ó fi fóònù pè.

Ẹlẹ́ja_Dallas (10 March, aago 10 alẹ́)

Ẹja ńkọ́? Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹja. Ṣé àrọ̀ wà níbẹ̀?

AtukọẸ̀pẹ́ (10 March, aago 10 kọjá díẹ̀)

Àrọ̀ wà, dáadáa. Ẹ gba láísẹ́ǹsì ìpẹja ti ìpínlẹ̀ Utah kí ẹ tó ju ìwọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ẹja kan tí wọ́n ń pè ní Colorado pikeminnow. Láyé àtijọ́ ó máa ń gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Ní báyìí ó ti ń tán lọ, òfin ìjọba àpapọ̀ sì ń dáàbò bò ó. Àwọn ìsédò ti sọ omi di tútù, wọ́n sì dínà mọ́ ọn. Bó bá gbé ìwọ̀, ẹ tú u jẹ́jẹ́ kí ẹ dá a padà lóòyẹ̀. Kì í ṣe ẹja ọbẹ̀ o.

Ìjẹ̀ṣà_Houston (11 March, aago 1 ọ̀sán)

Ìyàwó mi ka gbogbo rẹ̀ tán, ó ní òun máa lọ bá ọ̀gá òun. Ó dà bí ẹni pé September ló kù.

Omi mímu wá ńkọ́? Bí odò bá ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kí ló dé tí a ó fi ru omi? Mo ní ẹ̀rọ ìsẹ́mi kékeré kan tó dára.

Àǹtí_Denver (11 March, aago 8 alẹ́)

Ẹ̀rọ rẹ á dí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ kò tíì rí omi yẹn. Bí tíì onímílíìkì ló rí. Ẹ bọ ọwọ́ sí i, ẹ kò ní rí ìka yín mọ́. Oko àti ìlú sì wà lókè rẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí: gálọ́ọ̀nù kan fún ẹnì kan lójúmọ́, ti mímu àti ti sísè. Ẹni mẹ́fà, ọjọ́ mẹ́rin, pẹ̀lú ọjọ́ kan lórí rẹ̀ tí ìjì bá dá yín dúró: gálọ́ọ̀nù 30. Gálọ́ọ̀nù kan ń wọn kílò 3.8, ìyẹn kílò 114 lápapọ̀. Ẹ pín in sínú kẹ́ẹ̀gì kéékèèké, mẹ́wàá mẹ́wàá gálọ́ọ̀nù sínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sójú kan. Bí ọkọ̀ kan bá dà, omi yín kò tíì tán.

Ẹlẹ́ja_Dallas (11 March, aago 9 alẹ́)

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, Àǹtí, ẹ ti gbàgbé álọ́ọ̀mù. Kí la fi ń ṣe omi kànga nílé? Ẹ bu omi odò sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ po álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, ẹ fi sílẹ̀ dọjọ́ kejì. Gbogbo ẹrẹ̀ á ti rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹ rọra da ti òkè, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ sè é. Kílò 114 yẹn á di 50.

Àǹtí_Denver (11 March, aago 9 ààbọ̀)

N kò gbàgbé. Àwọn atukọ̀ ibẹ̀ náà ń lo álọ́ọ̀mù, ẹ lè mú un dání. Ṣùgbọ́n àwọn yìí kò lọ rí, wọ́n sì mú ọmọdé dání. Bí ìjì bá da bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn nù ní alẹ́ ọjọ́ kejì ńkọ́? Ìṣòro méjì ló wà lójú ọ̀nà yìí, omi mímu àti atẹ́gùn, mi ò ní gbà kí wọ́n fi ọ̀kan nínú rẹ̀ kọ́ṣẹ́. Kí wọ́n ru omi wọn. Álọ́ọ̀mù di ti pàjáwìrì, àti ti omi ìfọwọ́.

Ìyá_Ìbejì_MD (12 March, aago 12 òru)

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀mọ̀wé. Ọjọ́ mẹ́rin, ẹni mẹ́fà. Ibo ni wọ́n ti ń ṣe gáà?

Àǹtí_Denver (12 March, aago 6 òwúrọ̀)

Ẹ ṣé tí ẹ béèrè, ojú ń ti àwọn ọkùnrin yìí.

Gbogbo ẹ̀ lẹ máa gbé jáde. Àbí kí ni ẹ rò? Aṣálẹ̀ ni, òjò ibẹ̀ kò tó láti fọ̀ ọ́, kò sí ilẹ̀ tútù tó máa jẹ ẹ́ rà. Ohun tí ẹ bá rì sínú iyanrìn lónìí, ọmọ ẹlòmíràn á hú u jáde lọ́dún tó ń bọ̀. Nítorí náà òfin ni pé kí ẹ ní póò tó ní ìdérí tó ń dé pinpin, tàbí àwọn àpò tí wọ́n ti da ìyẹ̀fun tó ń fa omi mu sínú rẹ̀, tí ẹ ó dì, tí ẹ ó tún fi sínú agolo. Àwọn tó ń háyà ọkọ̀ ń háyà póò náà. Àwọn atukọ̀ ń pe èyí tó jẹ́ ti agolo ní groover, torí pé láyé àtijọ́, agolo ọta ìbọn àwọn ṣójà ni wọ́n ń lò. Kò ní ìjókòó, etí agolo á wá fa ilà gbọọrọ méjì sí ìdí onítọ̀hún. Ilà ìdí, kì í ṣe ilà ojú.

Ìtọ̀ yàtọ̀. Inú odò gan-an ni, tàbí iyanrìn tútù létí omi. Bí gbogbo ènìyàn bá ń tọ̀ sórí iyanrìn gbígbẹ, ibùdó á di ilé ìtọ̀ ọjà. Omi àwo ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ, ẹ da omi rẹ̀ sínú ibi tí odò ti ń sáré, ẹ kó ìdọ̀tí inú asẹ́ sínú ọ̀rá. Ọbẹ̀ elépo pupa púpọ̀ á fún yín níṣẹ́ níbẹ̀ o, ẹ dín epo kù.

Ìyá_Ìbejì_MD (12 March, aago 7 òwúrọ̀)

Ilà ìdí. Mo ti rẹ́rìn-ín jí àwọn ìbejì.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kàn mí nígbà náà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín pẹ̀lú búrẹ́dì. Ẹ se ọbẹ̀ ata láti ilé, ẹ rọ ọ́ sínú ike, kó dì bí òkúta nínú fírísà, òun fúnra rẹ̀ á ṣe yìnyín nínú kúlà yín. Mọ́ínmọ́ín náà lè dì. Jẹ èyí tó lè bàjẹ́ ní ọjọ́ kìíní àti ìkejì. Lẹ́yìn náà, ẹja gbígbẹ, kúlíkúlí, gàrí Ìjẹ̀bú.

Nọ́ọ̀sì_Phoenix (12 March, aago 8 òwúrọ̀)

Gàrí mímu lábẹ́ oòrùn yẹn pẹ̀lú ẹ̀pà oníyọ̀, mo fọwọ́ sí i. Ẹ kàn rántí ka omi rẹ̀ mọ́ gálọ́ọ̀nù yín.

Àkéekèé wà níbẹ̀. Ẹ gbọn bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́ láàárọ̀.

Àǹtí_Denver (12 March, aago 12 ọ̀sán)

Mo fi iná kún un: gáàsì ni kí ẹ fi dáná. Bí ẹ bá fẹ́ yáná lálẹ́, inú agbada irin tó ga kúrò nílẹ̀ ni, igi tí omi gbé wá nìkan lẹ lè sun, eérú rẹ̀ sì ń bá yín lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ ni.

Bí ẹ bá gun bèbè, ẹ ó rí ilẹ̀ kan tó dúdú, tó ṣe bí èèpá. Ohun abẹ̀mí ni. Òun ló di iyanrìn aṣálẹ̀ mú kí atẹ́gùn má gbé e lọ, bí ẹsẹ̀ bá sì tẹ̀ ẹ́, ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò fi padà. Orí òkúta tàbí ojú ẹsẹ̀ àwọn tó ti lọ ṣáájú ni kí ẹ máa tẹ̀.

Ìjẹ̀ṣà_Houston (19 March, aago 8 alẹ́)

Ẹ̀yin ará, ọ̀gá ìyàwó mi ti gbà! Ẹ wò ó bóyá ó dára: ọ̀sẹ̀ kẹta September, ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ mẹ́ta, Ruby Ranch sí Mineral Bottom, ọjọ́ mẹ́rin. Èmi wà pẹ̀lú àbúrò ìyàwó mi tó mọ̀wẹ̀ dáadáa, ìyàwó mi pẹ̀lú ọmọ wa, ọ̀rẹ́ mi pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Gálọ́ọ̀nù 30. Póò. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ ní YMCA, àárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi wá sí.

Ìbéèrè méjì ló kù. Kí la máa rí lójú ọ̀nà? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńkọ́?

Àǹtí_Denver (20 March, aago 6 òwúrọ̀)

Ó dára báyìí. Ẹ kú oríire ọ̀gá.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí. Ẹ háyà ẹ̀rọ sátẹ́láìtì kékeré tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, kí ẹ sì fi ìwé sílẹ̀ fún ẹnì kan ní Houston: ibi tí ẹ ti wọ odò, ibi àbájáde, àti wákàtí tí kó pe ṣẹ́rífù bí kò bá gbúròó yín. Kó má pè kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, nítorí ìjì. Apá ọ̀sì odò ni Grand County, apá ọ̀tún ni Emery County, kó kọ méjèèjì sílẹ̀.

Ọ̀nà tó sọ̀kalẹ̀ dé Mineral Bottom, amọ̀ ni, ó ń yí kọ́lọkọ̀lọ lára òkè. Òjò August 2010 gbá a lọ, ó di 2011 kí wọ́n tó ṣí i padà. Bí òjò bá rọ̀ ní ọjọ́ tí ẹ fẹ́ jáde, mọ́tò lè má lè sọ̀kalẹ̀. Nítorí náà ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ti ọjọ́ kejì rẹ̀ gan-an.

Ohun tí ẹ máa rí! Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni Trin Alcove, apá ọ̀tún, níbi tí àfonífojì mẹ́ta ti pàdé lẹ́nu ọ̀nà kan ṣoṣo. Ẹ wọlé, ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Bowknot Bend: odò rìn tó máìlì 7 yí òkè kan ká, ó sì padà wá fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu ko ibi tó ti kúrò. Ẹ so ọkọ̀, ẹ gun ibi tó rẹlẹ̀ lórí òkè náà, ẹ ó rí odò kan náà lọ́tùn-ún tó ń lọ, lósì tó ń bọ̀. Nígbà tí Major Powell, olùṣàwárí ará Amẹ́ríkà kan, ẹni tí ìjà Shiloh nínú ogun abẹ́lé wọn ti gba apá ọ̀tún rẹ̀ ní 1862, gba ibẹ̀ kọjá ní July 1869, òun ló sọ ibẹ̀ ní Labyrinth. Ọkọ̀ mẹ́rin ló fi gbéra ní Wyoming ní 24 May. Mẹ́ta ló kù kó tó dé ibẹ̀. Ọkọ rẹ á gbà pé odò ni Ọ̀gá.

Ṣùgbọ́n Powell kọ́ ló kọ́kọ́ débẹ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti ọdún gbọ́nhan, ẹ ó rí àwòrán wọn lára òkúta. Ní Hell Roaring Canyon, kí ẹ tó dé Mineral Bottom, Denis Julien, ọdẹ kan tó ń pa ẹranko nítorí awọ onírun wọn, tó sì ń sọ èdè Faransé, gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sára òkúta, "3 mai 1836", ó ya ọkọ̀ ojú omi kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ fojú wò ó. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ kàn án, kí ẹnikẹ́ni má sì fi tirẹ̀ kún un.

Ìjẹ̀ṣà_Houston (20 March, aago 6 kọjá ogún)

Àǹtí, "ọkọ rẹ"? Ọkùnrin ni mí o.

Àǹtí_Denver (20 March, aago 7 òwúrọ̀)

Tíì mi ò tíì délẹ̀. "Ìyàwó rẹ."

Ìyá_Ìbejì_MD (20 March, aago 9 òwúrọ̀)

Ẹ ti gbàgbé bàrà.

Ìjẹ̀ṣà_Houston (30 September, aago 10 alẹ́)

A ti dé, ẹ̀yin ará. Gbogbo wa pé.

Ọjọ́ kejì ni ìjì dé, aago 11 àárọ̀, ó ṣáájú àsìkò tí AtukọẸ̀pẹ́ dá fún un. A tù ú, a tù ú, a kò kúrò lójú kan. Ìyàwó mi ló pàṣẹ pé ká gúnlẹ̀. Wákàtí márùn-ún la fi jókòó sábẹ́ igi cottonwood kan, iyanrìn ń wọ gàrí wa, ọ̀rẹ́ mi sì ń sùn bí ẹni pé wọ́n sanwó fún un. Aago 6 ìrọ̀lẹ́, atẹ́gùn dákẹ́ lójijì, a tún tukọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọjọ́ tí a fi lé e nípa omi yẹn, a lò ó: a jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, gálọ́ọ̀nù mẹ́ta ló kù.

Ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi dà ní ẹ̀bá èbúté, níbi tí omi kò kọjá orúnkún. Ẹrẹ̀ gba bàtà rẹ̀ méjèèjì. Bàtà yẹn ni ohun kan ṣoṣo tí kò so.

Lórí Bowknot, ọmọ mi dúró fún ìgbà pípẹ́, ó ń wo odò apá ọ̀tún, ó ń wo ti apá òsì, ó wá ní, "Dádì, ṣé ọjọ́ kan gbáko la fi tukọ̀ wá sí ibi tí a ti wà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n dúró, òun fẹ́ jẹ bàrà tòun kí a tó sọ̀kalẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_MD (30 September, aago 10 ààbọ̀)

Ẹ kú ewu o. Ta ló gbé póò?

Ìjẹ̀ṣà_Houston (30 September, aago 10 ààbọ̀ kọjá)

Àbúrò ìyàwó.